Ojú Ọ̀dọ́ Àgùntàn Tó Wà ní Ghent

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwòrán ojú àgùntàn kan gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Àgùntàn náà dúró lórí pẹpẹ, ó ranjú mọ́ ẹni tó ń wò ó. Ojú rẹ̀ méjèèjì wà níwájú bíi ti ènìyàn, ẹnu rẹ̀ kéré, ó sì pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n to àwòrán méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ó ṣe rí kí wọ́n tó tún un ṣe àti bí ó ṣe rí lẹ́yìn àtúnṣe. Ti àkọ́kọ́ jọ àgùntàn tí a lè bá lẹ́yìnkùlé ẹnikẹ́ni. Ti ìkejì jọ ẹni tó fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè tí o kò ní lè dáhùn. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní àwọn tó tún àwòrán náà ṣe ti ba iṣẹ́ ńlá jẹ́, pé irú èyí, ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà lè ṣe é. Àwọn kan fi wé àwòrán Jésù ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìlú Borja, ní Sípéènì, èyí tí ìyá àgbàlagbà kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe ní 2012 tí ojú Olúwa fi di ohun tí a ò lè ṣàpèjúwe.

Mo gbà pé ẹ̀rín náà ṣìnà. Kò sí ẹni tó kun ojú tuntun fún àgùntàn Ghent. Ojú tó ń wo ni níyàn-níyàn yẹn gan-an ni ojú tí àwọn Van Eyck kùn ní èyí tó ń lọ sí 600 ọdún sẹ́yìn. Ojú tí gbogbo ayé mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń pariwo pé wọ́n ti bà jẹ́, ẹlòmíràn ló kùn ún lé ti àkọ́kọ́ lórí. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá fẹ́ bá àwọn atúnàwòránṣe jà, kò yẹ kí ó bi wọ́n pé kí ló dé tí ojú àgùntàn ò fi wù wá. Ìbéèrè tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nílẹ̀: ta ló fún yín láṣẹ láti há ojú tó ti wà níbẹ̀ fún ohun tó lé ní 400 ọdún kúrò, nígbà tí ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá ti há a tán, kò sí bí ẹ ṣe lè dá a padà?

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ náà. Àwòrán pẹpẹ ni, ìyẹn àwòrán ńlá tí wọ́n máa ń gbé sẹ́yìn pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà. Hubert van Eyck ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kú ní 1426. Jan àbúrò rẹ̀ ló parí rẹ̀ ní 1432. Olówó kan nílùú Ghent, Joos Vijd, àti ìyàwó rẹ̀ Elisabeth Borluut ló bẹ iṣẹ́ náà. Ìlú Ghent yìí wà ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù lónìí, inú kàtídírà ńlá ìlú náà sì ni iṣẹ́ ọ̀hún wà di bí mo ṣe ń kọ èyí. Pákó igi óákù 12 ni wọ́n tò pọ̀, àwọn tẹ̀gbẹ́ ṣeé ṣí ṣeé pa dé bí ìlẹ̀kùn, wọ́n sì fi ọ̀dà olóróró ya àwòrán sí wọn lára. Bí wọ́n bá ṣí i sílẹ̀ tán, ó fẹ̀ ju mítà mẹ́rin lọ.

Láàárín ìlà ìsàlẹ̀ ni Ọ̀dọ́ Àgùntàn Ọlọ́run dúró sí. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn láti àyà rẹ̀ sínú ife, àwọn áńgẹ́lì yí pẹpẹ ká, àwọn wòlíì, àwọn póòpù, àwọn ajẹ́rìíkú àti àwọn wúńdíá mímọ́ ń wọ́ bọ̀ láti ọ̀tún àti òsì. Ẹni tó bá ti ka Ìwé Ìfihàn á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Koríko tó wà lẹ́sẹ̀ wọn kì í ṣe ewé tútù lásán. Ẹni tó mọ ewé lè nàka sí i lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó sì dárúkọ wọn. Mo sọ èyí kí a lè mọ irú ọwọ́ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ tó lè ya ewé báyìí kò ní ṣèèṣì ya ojú àgùntàn.

Ojú iṣẹ́ yìí ti rí nǹkan. Ní 1566, nígbà tí àwọn kan ń fọ́ ère ká inú ṣọ́ọ̀ṣì, orí ilé ìṣọ́ kàtídírà ni wọ́n sá gbé e sí. Ní 1794 àwọn ọmọ ogun Faransé kó àwọn pákó àárín lọ sí Paris, ó di 1815 kí wọ́n tó padà. Wọ́n ta àwọn tẹ̀gbẹ́, wọ́n bá ara wọn ní Berlin, níbẹ̀ ni wọ́n ti fi ayùn la àwọn pákó náà sí méjì láti ẹ̀gbẹ́ kí àwọn òǹwòran lè rí iwájú àti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1934 olè jí pákó méjì lóru. Ọ̀kan padà, èkejì kò padà títí dòní. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì àwọn èèyàn Hitler gbé gbogbo rẹ̀ pamọ́ sínú ihò tí wọ́n ti ń wa iyọ̀ ní Altaussee, ní Austria. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́ ní 1945.

Síbẹ̀, ogun kọ́ ló pa ojú àgùntàn dà, olè kọ́. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ní 1550 wọ́n pe àwọn ayàwòrán méjì, Jan van Scorel àti Lancelot Blondeel, pé kí wọ́n wá tọ́jú rẹ̀. Marcus van Vaernewijck, ọmọ Ghent tó kọ ìtàn ìlú rẹ̀ láyé ìgbà náà, sọ pé ìfẹ́ tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà pọ̀ débi pé wọ́n ń fi ẹnu ko àwòrán náà níbi púpọ̀. Ọ̀rúndún yẹn náà ni ọ̀dà tuntun gorí èyí tó ti gbó, tí imú àgùntàn gùn sí i, tí ojú rẹ̀ kéré tó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí etí rẹ̀ wálẹ̀. Ó di ẹran ọ̀sìn gidi. Ó ṣeé ṣe kí ojú àkọ́kọ́ ti máa dẹ́rù bà wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe pa àwọn ará íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́rìn-ín.

Ìtàn etí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní nǹkan bí 1951, àwọn onímọ̀ ní Brussels ń tún iṣẹ́ náà ṣe. Nígbà tí wọ́n yọ ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó wà láyìíká orí àgùntàn, etí méjì mìíràn yọ jáde. Etí àwọn Van Eyck ni. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọn ò fọwọ́ kan etí ti òkè, wọn ò sì fọwọ́ kan ojú. Láti ìgbà náà ni Ọ̀dọ́ Àgùntàn ti ń fi etí mẹ́rin dúró lórí pẹpẹ, fún ohun tó lé ní 60 ọdún. Àlejò ń ti òkè òkun wá wò ó, àwọn olùkọ́ ń kó ọmọ iléèwé wá. Mi ò gbọ́ pé ayé rẹ́rìn-ín. Àgùntàn elétí mẹ́rin kò yà wọ́n lẹ́nu; èyí tó lójú méjì bó ṣe yẹ ló ya wọ́n lẹ́nu.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì sún mọ́ irú iṣẹ́ yìí rí, ẹ wo bí àwòrán ọlọ́dà olóróró ṣe rí láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni pákó, tàbí aṣọ líle tí wọ́n nà mọ́ férémù. Wọ́n á fi ẹfun tí wọ́n po mọ́ àtè pa á lójú kí ó lè dán. Ọ̀dà ló kàn, ìpele lórí ìpele, òmíràn nípọn, òmíràn fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Òkè ni fáníìṣì wà, ọmọ ìyá èyí tí káfíńtà fi ń pa àga, tí wọ́n ń fi oje igi ṣe. Fáníìṣì ló kọ́kọ́ ń dalẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni yóò máa pọ́n, títí yóò fi dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì, èéfín àbẹ́là á sì tún kún un. Àwòrán Rembrandt kan wà ní Rijksmuseum ní Amsterdam, ọdún 1642 ló yà á, gbogbo ayé sì ń pè é ní Àwọn Ọdẹ Òru. Kò sí òru níbẹ̀. Ojúmọmọ ni balógun Frans Banninck Cocq ń kó àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú rẹ̀ jáde. Fáníìṣì tó ti dúdú ló sọ ọ̀sán di òru, tí àwọn èèyàn fi fún un lórúkọ lẹ́yìn tí ayàwòrán ti kú. Wọ́n ti fọ fáníìṣì náà kúrò lẹ́yìn ogun, ní 1946 sí 1947, orúkọ ò kúrò.

Èyí tó wà ní Ghent le ju fáníìṣì lọ, nítorí pé ọ̀dà lórí ọ̀dà ni. Bí ọ̀dà bá ṣí níbì kan tó tó èékánná, ẹni tí wọ́n pè wá dí i kò ní dúró sí ojú ihò náà. Á kun gbogbo ọwọ́ náà, tàbí gbogbo aṣọ, tàbí gbogbo ojú ọ̀run, kí àwọ̀ lè bára mu. Lẹ́yìn 50 ọdún, ẹlòmíràn á tún kùn lé tirẹ̀. Èyí ni mo ń pè ní ọ̀dà àkùnlé.

Àwọn atúnàwòránṣe òde òní ní òfin kan tí wọ́n fi ń yangàn, ó sì tó í yangàn. Ohunkóhun tí o bá fi kún iṣẹ́ ẹlòmíràn, fi èyí tó ṣeé yọ kún un. Wọ́n á kọ́kọ́ fi fáníìṣì tuntun bo ọ̀dà àtijọ́, wọ́n á wá fi ọ̀dà tó rọrùn láti yọ dí ojú ihò nìkan, kò gbọdọ̀ kọjá etí ihò. Bí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la bá rí i pé wọn ò ṣe é dáadáa, á nù ún kúrò, kò ní pa ohunkóhun lára. Òfin tó mọ ìrẹ̀lẹ̀ ni. Inú mi dùn sí i.

Ṣùgbọ́n òfin náà kò ká gbogbo iṣẹ́. Ó dára fún ohun tí a fi kún. Kò ran ohun tí a yọ lọ́wọ́. Fáníìṣì tí wọ́n fi oògùn olómi yọ́ kúrò ti bá òwú tí wọ́n fi nù ún lọ. Ọ̀dà tí wọ́n há ti di ìyẹ̀fun lẹ́nu abẹ. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Irú ẹyin bẹ́ẹ̀ ni fífọ àwòrán. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa àtúnṣe sì fẹ́ràn láti máa wo ohun tí wọ́n fi kún, nítorí òun lojú ń rí. Ohun tí wọ́n yọ kò sí níbẹ̀ mọ́ kí a lè bẹnu àtẹ́ lù ú.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tí mo mọ̀, àwòrán olùdásílẹ̀ wọn wà lára ògiri nítòsí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀dà olóróró ni, lórí pátákó. Òjò jò láti òrùlé sára rẹ̀, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá náà, ni wọ́n bá gbé e fún ẹni tó ń kọ pátákó ìpolówó. Ẹni yẹn fi sáńpépà pa ojú bàbá dán, ó wá fi ọ̀dà tuntun kùn ún. Bàbá jáde bí ọmọ 30 ọdún, ara rẹ̀ ń dán, pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì di àwátì. Nígbà tí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ rí i, wọ́n bínú sí ọ̀dà tuntun náà. Lójú tèmi, ọ̀dà kọ́ lọ̀ràn. Ká ní ó kàn kùn ún lé e lórí ni, pélé yẹn ṣì wà lábẹ́, ẹni tó mọṣẹ́ lè wá a rí lọ́jọ́ kan. Sáńpépà ló parí ọ̀rọ̀. Ohun tó sì ya ìyá Borja sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ará Ghent nìyẹn pẹ̀lú: ìyá yẹn ń fi kún, àwọn ará Ghent ń yọ. Ẹni tó bá fi méjèèjì wéra kò tíì mọ èyí tó léwu jù.

Kí wá ni àwọn ará Ghent fi dá ara wọn lójú? Ilé iṣẹ́ ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, KIK-IRPA, ló gba iṣẹ́ náà ní 2012. Ọdún márùn-ún ni wọ́n rò pé yóò gbà wọ́n, nítorí fáníìṣì nìkan ni wọ́n ní lọ́kàn. Bí fáníìṣì ṣe ń kúrò ni wọ́n rí i pé nǹkan bí 70 nínú 100 ojú àwọn pákó ẹ̀yìn, èyí tí a ń rí nígbà tí wọ́n bá pa á dé, ni ọ̀dà àkùnlé bò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún làwọn onímọ̀ ti ń kọ̀wé lórí ọwọ́ Van Eyck, tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ń wò. Wọn ò sáré há a. Wọ́n fi X-ray wò ó, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń mọ irú òjé tàbí bàbà tó wà nínú ọ̀dà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gé èérún ọ̀dà tí kò tó orí abẹ́rẹ́ láti wo ìpele rẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ohun tí wọ́n rí ṣe kókó. Ọ̀dà ìsàlẹ̀ ti gbẹ, ó ti sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀dá, fáníìṣì àtijọ́ sì wà lórí rẹ̀ kí ọ̀dà àkùnlé tó dé. Ọ̀dà olóróró kì í sán bẹ́ẹ̀ lóòjọ́. Èyí fi hàn pé àkókò gígùn ti kọjá láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè, a ò sì lè sọ pé Van Eyck fúnra rẹ̀ ló yí ọkàn padà. Ìkejì, ìsàlẹ̀ náà ṣì gbó dáadáa, kò jẹ. Wọ́n kó àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ, wọ́n gbé ẹ̀rí síwájú wọn, wọ́n fẹnu kò, kí wọ́n tó gbé abẹ. Wọ́n wá ń há a lábẹ́ maikirosíkóòpù díẹ̀díẹ̀, nínú yàrá onígíláàsì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ lè dúró wò wọ́n. Ọdún 2016 ni wọ́n parí àwọn pákó ẹ̀yìn. Ìlà ìsàlẹ̀ inú, níbi tí àgùntàn wà, wọ́n parí rẹ̀ ní òpin 2019.

Ìbéèrè méjì ni mo rò pé ó yẹ kí a fi wọn iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé ó dájú pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni èyí tí ẹ ń yọ? Ṣé ó dájú pé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì tó nǹkan? Ghent yege nínú méjèèjì. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ lè lọ wo àwọn fọ́tò wọn lórí ojú òpó Closer to Van Eyck, níbi tí wọ́n ti gbé ṣáájú àti lẹ́yìn kalẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹ sún mọ́ ojú náà dáadáa. Ìbínú kò sí níbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Ó mọ ẹni tó ń wò ó. Àgùntàn tí wọ́n kùn lé e ń wo ibòmíràn, a lè máa jẹun níwájú rẹ̀. Èyí kò gba ìyẹn.

Ẹnìkan lè sọ pé ojú kejì náà ti di mímọ́, àwọn tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ fún 400 ọdún kò mọ òmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ọmọ Yorùbá yóò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ìyá ìbejì tí ọ̀kan kú mọ́ lọ́wọ́ ń wẹ ère ọmọ náà, ó ń fi osùn pa á lára, ó ń fún un lóúnjẹ, títí imú àti ojú rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ tún imú ère bẹ́ẹ̀ gbẹ́ kò mọ ohun tó ń ṣe. Ìyá náà ló gbẹ́ ojú yẹn kẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lára iṣẹ́ náà. Mo ro èyí dáadáa. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé ọwọ́ ìyá ìbejì kò bo ohunkóhun mọ́lẹ̀. Kò sí ojú mìíràn tó ń dúró lábẹ́ osùn. Ní Ghent, ojú méjì ló wà, ọ̀kan dì mọ́ ìsàlẹ̀ èkejì, ẹni tó bá yan èyí òkè ti yan pé kí èyí ìsàlẹ̀ má rí ìmọ́lẹ̀ mọ́.

Ibi tí ọkàn mi ti pín sí méjì ni Dresden, ní Jámánì. Johannes Vermeer ya ọmọbìnrin kan tó dúró lẹ́bàá fèrèsé tó ṣí, tó ń ka lẹ́tà, ní nǹkan bí 1657 sí 1659. Wọ́n rà á fún alákòóso Saxony ní 1742. Ẹ̀yìn ọmọbìnrin náà jẹ́ ògiri lásán, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ àfi ìmọ́lẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ògiri yẹn ni àwọn èèyàn fẹ́ràn. A ò mọ ẹni tó kọ lẹ́tà, a ò mọ̀ bóyá ikú ló ń tú tàbí ìgbéyàwó. Ní 1979 X-ray fi hàn pé àwòrán kan wà lábẹ́ ògiri náà, ti Cupid, ọmọ òrìṣà ìfẹ́ àwọn ará Róòmù àtijọ́. Gbogbo onímọ̀ gbà pé Vermeer fúnra rẹ̀ ló pa á rẹ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ní 2017, wọ́n rí i pé fáníìṣì àti ìdọ̀tí wà láàárín Cupid àti ògiri. Ẹni tó kùn ún ti dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Vermeer sì ti kú ní 1675. Wọ́n há ògiri náà kúrò, ó di 2021 kí wọ́n tó gbé e jáde fún ayé. Cupid ńlá kan wá dúró lórí ògiri pẹ̀lú ọrun rẹ̀, ó tẹ agọ̀ ẹ̀tàn mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè mi méjèèjì, Dresden náà dáhùn wọn. Mi ò lè sọ pé wọ́n ṣẹ̀. Síbẹ̀, ní tòótọ́, àwòrán tó ní ògiri lásán dára jù lójú mi. Cupid ń sọ fún wa kí a tó bi í pé lẹ́tà ìfẹ́ ni. Ó ń ṣe bí ọmọ tó mọ ìdáhùn tó ń na ọwọ́ sókè ní kíláàsì kí olùkọ́ tó parí ìbéèrè. Ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ tó bo Cupid mọ́lẹ̀, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, ṣe nǹkan kan tó wọ̀ mí lọ́kàn, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti lọ. Bí àwọn òṣìṣẹ́ Dresden bá ti béèrè lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ǹ bá ní kí wọ́n gbé abẹ sílẹ̀. Ǹ bá sì ti jẹ̀bi, nítorí orúkọ Vermeer ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ohun tó wù mí. Orúkọ ẹni tí o bá kọ sábẹ́ iṣẹ́ ni kí o jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀.

Èyí tí mi ò lè gbà ni ìgbà tí ààlà kò sí. Léonardo da Vinci ya Màríà Wúńdíá, ìyá rẹ̀ Ánà àti Jésù ọmọ ọwọ́; iṣẹ́ náà wà ní Louvre ní Paris. Léonardo kì í fi ìlà pààlà sí ojú ènìyàn. Ọ̀dà tó fẹ́lẹ́ bí èémí ló máa ń tẹ́ lé ara wọn títí òjìji ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi wọnú ìmọ́lẹ̀ láìsí ẹni tó rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó wá ṣòro láti mọ ibi tí ọ̀dà rẹ̀ pin sí tí fáníìṣì ẹlòmíràn gbà lọ. Nígbà tí wọ́n ń fọ iṣẹ́ náà, méjì nínú àwọn onímọ̀ tó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn, Ségolène Bergeon Langle àti Jean-Pierre Cuzin, fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ní 2011, nítorí lójú tiwọn ìfọṣọ náà ti ń pọ̀ jù. Ní 2012 wọ́n gbé e jáde, ó mọ́ roro, àwọ̀ búlúù rẹ̀ yọ, àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́. Ayé ò rẹ́rìn-ín, kò sí ojú àgùntàn níbẹ̀. Tèmi ni pé níbi tí àwọn ọ̀gá tó mọṣẹ́ bá ti ń jiyàn lórí ibi tí ọ̀dà ayàwòrán pin sí, fáníìṣì tó pọ́n díẹ̀ kì í ṣe àìsàn tó ń pa ni. Ó lè dúró de ẹ̀rọ tó dára ju tòní lọ. Ohun tí wọ́n bá fọ lónìí kò lè dúró de nǹkan kan.

Láti 2023 ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí ìlà òkè ti Ghent, níbi tí Màríà àti Jòhánù Onítẹ̀bọmi jókòó sí lọ́tùn-ún lósì Olúwa nínú aṣọ olówó iyebíye. Ìbéèrè kan náà ló tún ń dúró dè wọ́n lórí gbogbo aṣọ àti gbogbo ìka ọwọ́. Nísàlẹ̀, lápá òsì pátápátá, ni àwọn Adájọ́ Òdodo wà lórí ẹṣin wọn. Pákó tí olè gbé ní 1934 tí kò padà nìyẹn. Jef Van der Veken, tí òun náà jẹ́ atúnàwòránṣe, ló ya èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá yára kọjá kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Abẹ́ ọ̀dà ti Van der Veken, pákó nìkan ló wà níbẹ̀.